Iwájú Ẹni Tó Ń Sè Ni Ká Gbé Iná Sí

Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́ ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń yan iná tó yẹ fún ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo sì gbà pé ó tóbi ju ojú tí a fi ń wò ó lọ.

Ẹ wọ ilé tuntun kan ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Àkúrẹ́, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe pín iná sí i. Nínú pálọ̀, iná ńlá kan á so rọ̀ láàárín àjà, àwọn wẹ́wẹ́ á yí etí àjà POP ká, méjì tàbí mẹ́ta á tún wà lára ògiri. Tẹlifíṣọ̀n ni àwọn tó jókòó síbẹ̀ ń wò. Ẹ wá rìn dé ilé ìdáná, níbi tí ọ̀bẹ ti ń gé nǹkan, tí epo ti ń hó, tí wọ́n ti ń gbé omi gbígbóná láti ibì kan dé ibòmíràn. Gílóòbù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, láàárín àjà gangan, èéfín sì ti bo ojú rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni òkùnkùn wà. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹni tó ya àwòrán ilé kì í sábà jẹ́ ẹni tí yóò máa sè níbẹ̀, oníṣẹ́ iná sì fi gílóòbù sí àárín nítorí pé àárín ló rọrùn jù láti wọ̀n. Àmọ́ ẹni tó ń dúró níbẹ̀ lálaalẹ́ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ, ẹni náà ló sì ń bọ́ gbogbo wa.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Ibi tí a gbé iná sí ṣe pàtàkì ju bí agbára iná náà ṣe tó lọ. Àwọn nǹkan yòókù tí mo máa sọ lórí irú gílóòbù, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, bátìrì àti sólà, ẹ̀yìn èyí ni gbogbo wọn ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ dúró síbi tí ẹni tó ń sè máa ń dúró. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ara ògiri ni wọ́n kọ́ pẹpẹ ìdáná mọ́. Ẹni tó ń sè kọjú sí ògiri, ó kẹ̀yìn sí àárín yàrá, gílóòbù sì wà lókè lẹ́yìn orí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ kọ́kọ́ bá orí àti èjìká rẹ̀ pàdé, òjìji rẹ̀ wá ṣubú lé àlùbọ́sà tó ń gé lórí. Bí ó bá tẹ̀ síwájú kí ó lè ríran dáadáa, òjìji náà á tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ wa rò pé gílóòbù tó lágbára jù ni oògùn rẹ̀. A ra gílóòbù ńlá, ojú wa ń ṣẹ́jú nígbà tí a bá gbójú sókè, òjìji tó wà lórí pẹpẹ sì wà níbi tó wà. Owó ti jáde, ìka ṣì wà nínú ewu.

Kò rí báyìí nígbà tí ìdáná wà ní àgbàlá. Ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà á gbé àpótí rẹ̀ lọ síbi tí ilẹ̀ ti mọ́, á gbé atẹ lé itan, á sì yí ara rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi bọ́ sí orí atẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yan ibi tí iná rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí a kó ìdáná wọ inú ilé, tí a mọ pẹpẹ mọ́ ògiri, a gba àṣàyàn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ẹni tí a dè mọ́ ojú kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì ti rí báyìí, àwa tí a kọ́lé la jẹ ẹ́ ní gbèsè ìmọ́lẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan wà tó mọ èyí láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní 1926, obìnrin ayàwòrán ilé kan, ọmọ Austria, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Margarete Schütte-Lihotzky, ya ilé ìdáná kékeré kan fún àwọn ilé tí ìlú Frankfurt ní Jámánì ń kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Fífẹ̀ rẹ̀ kò pé mítà 2, gígùn rẹ̀ fi díẹ̀ ju mítà 3 lọ, wọ́n sì kọ́ nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀. Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀ nípa kọ́bọ́ọ̀dù àti àwọn àpótí àfàyọ tó wà nínú ilé ìdáná náà. Iná rẹ̀ ló wù mí jù. Ó gbé pẹpẹ ìṣiṣẹ́ sí abẹ́ fèrèsé, ó fi àga kékeré síwájú rẹ̀ kí ẹni tó ń gé ẹ̀fọ́ lè jókòó. Ní ti alẹ́, kò so gílóòbù mọ́ àárín àjà kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè ló gbé iná náà sí, kí ẹni tó ń sè lè fà á lọ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà. Yàrá tí àwa tó wà níbí lè fi ìṣísẹ̀ mélòó kan là já, ẹnì kan jókòó, ó ro bí iná yóò ṣe máa tẹ̀ lé ọwọ́ òṣìṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà díẹ̀ ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn, nítorí nọ́ńbà náà wà lára páálí gílóòbù, a kàn kì í kà á ni. Wọ́ọ̀tì ń sọ iye iná tí gílóòbù ń jẹ. Lumen ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń mú jáde. Gílóòbù àtijọ́ tó ní okùn wáyà pupa nínú, ti wọ́ọ̀tì 60, ń mú nǹkan bí lumen 800 jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ, ooru ló fi ń ṣe. LED wọ́ọ̀tì 9 lè mú lumen 800 kan náà jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní kí wọ́n fún òun ní gílóòbù tí wọ́ọ̀tì rẹ̀ pọ̀, iná tí yóò máa san owó rẹ̀ ló ń béèrè. Lumen ni ká máa béèrè.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí orí ìwọ̀n mítà kan níbùú lóòró ni wọ́n ń fi lux wọ̀n. Lumen 1 lórí irú àyè bẹ́ẹ̀, lux 1 nìyẹn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ máa ń fẹ́ kí gbogbo yàrá ìdáná ilé ní nǹkan bí lux 100 sí 200, kí orí pẹpẹ tí a ti ń gé nǹkan sì ní 300 ó kéré tán. Fún ilé ìdáná ilé oúnjẹ, 500 ni ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EN 12464-1 fi lélẹ̀.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Ilé ìdáná tó jẹ́ mítà 3 sí mítà 3, ìyẹn mítà 9 níbùú lóòró, ní gílóòbù kan tó ń mú lumen 800 jáde. Ká tiẹ̀ ní gbogbo ìmọ́lẹ̀ náà délẹ̀ láìsí èyí tó ṣòfò, kò tó lux 90. Ògiri àti àjà á sì gbé púpọ̀ mì nínú rẹ̀, kí èjìká ẹni tó ń sè tó gba tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá gbé okùn LED tẹ́ẹ́rẹ́ kan, gígùn rẹ̀ mítà 1, lumen rẹ̀ 400, sábẹ́ kábíńẹ́ẹ̀tì tó wà lókè pẹpẹ. Àyè tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí kò ju bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá mítà kan níbùú lóòró. Bí ìdajì rẹ̀ bá ṣòfò, ó ṣì ku ju lux 300 lọ lórí pẹpẹ, iwájú ẹni náà ló sì ti ń wá, kò sí òjìji. Ìdajì lumen, tó fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti gílóòbù àárín àjà lọ kódà ká ní tiyẹn kò pàdánù nǹkan kan. Ohun tí mo ń wí nípa ibi tí a gbé iná sí nìyẹn.

Ẹni tí kò ní kábíńẹ́ẹ̀tì lókè ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé wa ni kò ní. Kí wọ́n sún gílóòbù kúrò láàárín àjà, kí wọ́n gbé e wá sí òkè etí pẹpẹ, kí ó má bàa sí lẹ́yìn orí mọ́. Tàbí kí wọ́n fi wáyà so ó wálẹ̀. Bí àjà bá ga ní mítà 3, tí pẹpẹ sì ga ní nǹkan bí sẹ̀ntímítà 90, mítà 2 ó lé díẹ̀ ni gílóòbù fi jìnnà sí ọwọ́. Bí a bá so ó rọ̀ títí ó fi ku mítà 1 péré, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ tààrà sórí pẹpẹ lábẹ́ rẹ̀ á ju ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ lọ, gílóòbù kan náà ni o. Kí ìdérí rẹ̀ ṣáà jẹ́ èyí tí yóò bo gílóòbù lójú ẹni tó dúró, kí iná má máa gún un lójú. Bí wọ́n bá so ó sórí sítóòfù, kí ó ga tó débi tí ooru àti epo kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wà níbí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ tó wà níjòókòó gbọ́ ọ dáadáa. Ojú ẹni tó ti pé ọmọ 60 ọdún kì í gba ìmọ́lẹ̀ bíi ti ọmọ 20 ọdún. Ẹyinjú á ti máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ nínú, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé á ti kéré, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tó ń dé ẹ̀yìn ojú kò fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ọ̀dọ́ lọ. Nígbà tí màmá bá ní òun kò rí òkúta inú ìrẹsì ọ̀fadà mọ́, a máa ń sáré lọ ra awò fún wọn. Awò dára, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ojú náà. Àmọ́ kí a tún iná wọn ṣe pẹ̀lú. Okùn LED lábẹ́ kábíńẹ́ẹ̀tì kì í sábà wọ́n tó awò, ó sì lè dá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ padà fún ìyá tó ti ń rò pé òun kò wúlò ní ìdáná mọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kò sí bí ojú náà ṣe lè ṣọ́ nǹkan kan nínú òkùnkùn.

Lẹ́yìn ibi tí iná wà, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Kelvin ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n bíi ti gílóòbù àtijọ́ wà ní 2700 sí 3000. Èyí tó funfun láìpọ́n, láìsì ní àwọ̀ búlúù nínú, wà ní nǹkan bí 4000. Èyí tó funfun gbòò, tó fẹ́ jọ búlúù, ni 6500, òun ni wọ́n máa ń kọ daylight sí lára, òun náà ni oníṣọ́ọ̀bù sábà máa ń fà jáde fún ẹni tí kò bá sọ èyí tó fẹ́. Fún orí pẹpẹ, 4000 ni mo fara mọ́. Bí tábìlì ìjẹun bá wà nínú ilé ìdáná kan náà, kí ti orí tábìlì jẹ́ 3000, nítorí ara máa ń fẹ́ sinmi níbẹ̀. Nǹkan mìíràn tún wà. Lẹ́yìn òjò, nígbà tí ikán oníyẹ̀ẹ́ bá jáde, ìmọ́lẹ̀ tó ní búlúù púpọ̀ nínú máa ń fa kòkòrò ju èyí tó pọ́n lọ. Ẹni tó bá ti yọ ìyẹ́ ikán nínú ọbẹ̀ rí mọ ohun tí mo ń sọ.

Kelvin nìkan kò tó. Gílóòbù méjì lè jẹ́ 4000 kí ẹran má sì rí bákan náà lábẹ́ àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fi àwọ̀ nǹkan hàn bó ṣe jẹ́ gan-an ni CRI. 100 ni òpin rẹ̀. Kò yẹ ká ra èyí tí kò tó 80 fún ibikíbi nínú ilé, mo sì máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n wá 90 fún ibi tí wọ́n ti ń gé ẹran. Ìdí rẹ̀ nìyí. Èyí tó pọ̀ jù nínú LED tó ń fún wa ní ìmọ́lẹ̀ funfun, ìmọ́lẹ̀ búlúù ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kun ohun kan lé e tó ń sọ apá kan rẹ̀ di pípọ́n, àpapọ̀ méjèèjì ni ojú wa ń rí bíi funfun. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n bí ní Japan, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ló ṣe LED búlúù náà débi tó fi wúlò, ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 2014. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe fún ayé. Ṣùgbọ́n nínú gílóòbù tí wọ́n fi owó pọ́ọ́kú ṣe, àwọ̀ pupa ni kì í tó.

Ẹ wá wo ìdáná Yorùbá. Kí ló wà níbẹ̀ tí kì í ṣe pupa? Epo pupa, tàtàṣé, rodo, tòmátì, ẹran màlúù, edé. Pupa ni àwọ̀ tí a fi ń mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹni tó ń dín ata mọ̀ pé ata á kọ́kọ́ tàn yòò, á wá ki, á sì dúdú díẹ̀ nígbà tí omi rẹ̀ bá gbẹ tí epo léfòó. Láàárín ìgbà tó jinná àti ìgbà tó máa jóná, àwọ̀ ló kọ́kọ́ ń kìlọ̀, kí òórùn tó dé. Dòdò náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹran inú fìríìjì pẹ̀lú, tí iná lọ mọ́ lóru, tí a fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì dára: lábẹ́ gílóòbù tí pupa rẹ̀ kò tó, ẹran tuntun àti ẹran àná á dà bíi pé eérú wà lára àwọn méjèèjì. A ò gbọ́dọ̀ fi ìlera ọmọ dúró lórí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àmàlà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, mi ò sì tíì gbọ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ fún àwọn tó ń ya àwòrán ilé. Nǹkan dúdú kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú bíi nǹkan funfun. Iyán funfun, a lè rí kókó inú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò tó nǹkan. Èlùbọ́ dúdú tí a ń rò nínú ìkòkò tí iná ti dú, tí ooru omi ń bọ́ sójú ẹni, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ló ń fẹ́ kí ojú tó lè rí kókó. Èyí ni mo fi ń sọ pé kí iná sítóòfù dá wà lọ́tọ̀, kí ó wá láti iwájú tàbí láti ẹ̀gbẹ́, kí ó lè wọ inú ìkòkò. Iná tó wà lẹ́yìn kò lè rí inú ìkòkò láé.

Báwo la ṣe máa mọ gílóòbù tó dára ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí páálí lè parọ́? Ẹ ní kí wọ́n tàn án. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín sábẹ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ bá rí bó ṣe máa ń rí ní ìta lọ́sàn-án, tí ẹ̀jẹ̀ hàn lábẹ́ awọ, ó dára. Bí ó bá ṣá bí ọwọ́ aláìsàn, ẹ gbé e padà. Ẹ tún gbé kámẹ́rà fóònù kojú rẹ̀. Bí ìlà dúdú bá ń sáré lórí fóònù, gílóòbù náà ń ṣẹ́jú, bí ojú wa kò tiẹ̀ rí i. Ṣíṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ máa ń fa ẹ̀fọ́rí fún àwọn kan, ó sì lè jẹ́ kí ohun tó ń yí, bí ọ̀bẹ inú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata, dà bíi pé ó ń yí lọ́ra ju bó ti ń yí lọ.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín. Ibo ni iná náà wà? Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti kọ́kọ́ tan iná mànàmáná ní Èkó, títí di òní, a ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé iná á wà ní aago méje alẹ́. Aago méje yẹn gan-an la sì nílò rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje, ní gbogbo ọdún, ilẹ̀ á sì ṣú kíákíá. Lóṣù Ramadan, ẹni tó ń se sààrì ti wà nídìí iná kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, iná ìdáná tí kò ní ohun tí yóò gbé e ró nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ìṣirò bátìrì rọrùn. Bátìrì fólítì 12 tó jẹ́ 100Ah gba wọ́ọ̀tì-wákàtí 1,200. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olójé, ìdajì ni kí a lò nínú rẹ̀ kí ó lè pẹ́, ìyẹn 600. Gílóòbù àtijọ́ mẹ́rin ti wọ́ọ̀tì 60 á jẹ 240 láàárín wákàtí kan. Wákàtí méjì ààbọ̀, ó tán. LED mẹ́rin ti wọ́ọ̀tì 9 á jẹ 36 péré. Ó lé ní wákàtí 16, kí a tó yọ èyí tí ẹ̀rọ inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ẹni tó bá ní kò sí owó fún sólà ńlá, iná ìdáná nìkan kò béèrè sólà ńlá. Okùn LED fólítì 12 lè gba iná tààrà lára bátìrì, láìsí inverter. Kí oníṣẹ́ iná ṣáà fi ohun tí ń mú fólítì dúró sójú kan sí àárín, nítorí nígbà tí sólà bá ń gba iná sínú bátìrì, fólítì lè kọjá 14, ìyẹn sì máa ń jó okùn náà ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí a yé fi ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là dáná. Ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là kan jẹ́ nǹkan bí lumen 12. Ó ju 60 àbẹ́là lọ kó tó dọ́gba pẹ̀lú LED wọ́ọ̀tì 9 kan, iná gidi sì tún ni, nítòsí gáàsì. Lántánì kẹrosíìnì kò tó lumen 100, èéfín rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Tọ́ọ̀ṣì fóònù tí a fi ọrùn há mọ́ èjìká kì í ṣe iná ìdáná rárá. Àti fóònù àti ọrùn, inú ewu ni wọ́n wà nídìí epo gbígbóná. Àtùpà tí a ń gba iná sí dára púpọ̀, kí a má kàn gbé e sórí fìríìjì tó wà lẹ́yìn wa. Ẹ kan ìṣó kan mọ́ ògiri tó wà níwájú pẹpẹ, kí ẹ gbé e kọ́ síbẹ̀.

Àwọn ohun kan wà tí kò gba owó. Ẹ fọ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ìdáná. Epo àti eruku ti dí púpọ̀ nínú wọn débi pé ìdajì ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í wọlé. Ẹ pa iná, kí gílóòbù tutù, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ojú rẹ̀. Ẹ kun ògiri àti àjà ní funfun, ọ̀dà tí a lè fọ̀. Ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú kì í dá nǹkan kan padà, ó kàn ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ni. Ẹ̀yin ayálégbé tí ìdáná yín wà ní ìparí paàséèjì, tí onílé kò jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan wáyà, okùn LED tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tó ń gba iná láti ara pawa báǹkì, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ pákó kan lókè sítóòfù, kí ẹ sì ṣí i kúrò lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó lọ. Kí ó má ṣe sún mọ́ ọwọ́ iná tààrà.

Gáàsì ló kù, n kò sì ní fi ṣeré. Gáàsì tí a fi ń dáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń rọ́ sí. Bí ẹ bá wọ ìdáná lóru tí òórùn rẹ̀ gba imú, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa èyí tó ń tàn. Súìṣì máa ń ta pàrá nínú, bí ojú wa kò tilẹ̀ rí i, ìtapàrá kékeré yẹn sì tó láti dáná sun ilé. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ pa ẹnu sílíndà bí ọwọ́ bá lè tó o, kí ẹ jáde. Fún ìdí yìí ni mo fi máa ń ní kí wọ́n gbé súìṣì iná ìdáná sí ìta ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú ilé tuntun, kí wọ́n sì gbé sílíndà sí ìta ògiri.

Ẹ̀yin tó ń kọ́lé lọ́wọ́, ọjọ́ tí oníṣẹ́ iná bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé ògiri ni kí ẹ mú ẹni tí yóò máa sè níbẹ̀ wá. Kí ó dúró síbi tí sítóòfù máa wà, síbi tí síńkì máa wà, síbi tí yóò ti máa gé nǹkan, kí ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé ni kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí fún iná. Kí iná pẹpẹ, iná sítóòfù àti iná àárín yàrá ní súìṣì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ mu omi lóru má tan gbogbo wọn. Kí èyí tó wà nítòsí síńkì jẹ́ irú tí omi tó bá ta sí i lára kò lè wọ̀. IP44 ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kun ọ̀dà tán, iye tí gbogbo èyí máa ná yín á ti di ìlọ́po. Lọ́jọ́ ìgé-ògiri, wáyà mítà mélòó kan ni.

Mo rí i pé àwọn kan ti na ọwọ́ sókè lẹ́yìn, wọ́n sì ní ìbéèrè. Alága, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn.